Owó Ojúmọ́ Ẹni Tó Di Okùn Mú

Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pe Ernest pé kó wá wo igi, kì í kọ́kọ́ wo igi. Ilé ló máa ń wò. Á wo páànù orí ilé bóyá ó ti dípẹtà, á wo wáyà iná bóyá ó gba abẹ́ ẹ̀ka kọjá, á wo ilé adìẹ, á wo sàréè bí ọ̀kan bá wà lágbàlá. Ìgbà tó bá wo gbogbo ohun tí igi lè wó lù tán ni yóò tó gbójú sókè. Á wá fi ẹ̀yìn àdá gbá ìdí igi náà lẹ́ẹ̀mẹta, á tẹ́tí sí i. Igi tí ara rẹ̀ le máa ń dún kó, bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Èyí tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ máa ń dún bí àpótí òfìfo. Àwọn àgbà ní igi gánganràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ernest ti ń wò ó lókèèrè fún ọdún mọ́kàndínlógún ní Kàbà àti àyíká rẹ̀, kò sì tíì ba ilé ẹnikẹ́ni jẹ́.

Iṣẹ́ náà ò ni ín lára. Iye tí yóò gbà lórí iṣẹ́ ló ń ni ín lára.

Nítorí pé kó tó la ẹnu dá iye, onígi á ti béèrè pé, "Ọmọ ta ni ọ́ ná?" Bó bá ti dárúkọ bàbá rẹ̀, adẹ́mu tí kò sí ẹni tí kò mu ẹmu rẹ̀ nílùú, owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan á ní ìyá òun àti ìyá Ernest jọ wọlé ọkọ lọ́dún kan náà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ti lọ. Ẹlòmíràn á ní òun lòun kọ́ ọ ní orin nígbà tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tún ti lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi máa kí ara wọn tán, owó tó kù nílẹ̀ kì í ju ti epo tí ẹ́ńjìnnì ìgégi rẹ̀ máa mu lọ. Ernest á sì rẹ́rìn-ín, á dúpẹ́, á ní ilé la wà.

Ẹni tí ilé-la-wà yẹn ń pa lára jù ni Ọlọ́runlékè.

Ọmọ ìlú Ìyàrá ni Ọlọ́runlékè, òun ló sì ń di okùn mú fún Ernest. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wọn lè rò pé iṣẹ́ kékeré nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Igi tó wà láàárín ilé, a kì í gé e lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ernest á fi igbà gùn ún bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gun ọ̀pẹ, á so okùn mọ́ ẹ̀ka kan, á fi ẹ́ńjìnnì gé e, gbogbo ẹrù ẹ̀ka náà á sì rọ̀ sórí okùn. Ọlọ́runlékè tó wà nílẹ̀, tó ti lọ́ okùn náà mọ́ ìdí igi mìíràn lẹ́ẹ̀mejì, ni yóò máa tú u díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀ka fi máa sùn sílẹ̀ bí ọmọ tuntun. Bó bá tú u yá jù, páànù onílé lọ. Bó bá dì í jù, ẹ̀ka á fì padà, á lu ẹni tó wà lókè. Ọdún mẹ́rìnlá ni ẹ̀mí Ernest ti wà lọ́wọ́ Ọlọ́runlékè, àtẹ́lẹwọ́ Ọlọ́runlékè sì ti le bí èèpo igi.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà lowó ojúmọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náà ni nígbà tí jálá epo bẹntiróòlù kò tíì tó igba náírà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náà ni nígbà tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, lẹ́yìn tí wọ́n gé igi dógóyárò kan tán lẹ́yìn ọjà, Ọlọ́runlékè jókòó sórí ìtì, ó ń fi eyín fa ẹ̀gún kan yọ lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "wọ́n ń wá èèyàn ní oko ńlá kan lápá Ẹ̀gbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lójúmọ́, oúnjẹ ọ̀sán lọ́tọ̀. Mo ní màá fún wọn lésì lópin oṣù."

"O fẹ́ fi mí sílẹ̀, Lékè?"

"Èmi ò fẹ́. Ikùn àwọn ọmọ mi ló fẹ́."

Ernest bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn. Ta ló fẹ́ wá bá a di okùn náà? Nínú gbogbo àwọn ọkùnrin tó ń rìn kiri Kàbà, kò sí ọ̀kan tó lè fi ẹ̀mí rẹ̀ lé lọ́wọ́ kó sì gbójú sí iṣẹ́. Ó délé, ó kó ọ̀rọ̀ náà síwájú ìyàwó rẹ̀, Títílọpẹ́, olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Títílọpẹ́ gbé ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa ìlà. Epo. Ọ́ìlì. Ṣéènì ẹ́ńjìnnì tí kì í pẹ́ kú. Ẹgbẹ̀rún méjìlá fún Ọlọ́runlékè. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún ẹni tó ń gun òkè, tó lè já bọ́. Ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

"Ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́ta lójúmọ́. Bí o bá gbà tó dín sí èyí, a jẹ́ pé ìwọ lò ń sanwó fún onígi."

"Wọ́n á ní mo ti ń gbéra ga."

"Wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òtòṣì ni ọ́. Èwo ló sàn?" Ó fi bírò tọ́ka sí i bí ẹni ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wí. "Iye kan náà ni kó jẹ́ fún gbogbo ayé o, Ernest. Bí o bá dín in fún ẹnì kan, ó tán."

Bó ṣe sọ ọ́ ni Ernest ṣe sọ ọ́ fún Ọlọ́runlékè lọ́jọ́ kejì. Ọlọ́runlékè rẹ́rìn-ín, ó ní òun á ránṣẹ́ sí àwọn ará Ẹ̀gbẹ̀ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni iye náà fi dúró. Onígi méjì bú u, wọ́n ní adẹ́mu bí olówó. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé san án láìjanpata. Lọ́jọ́ yẹn, Ernest ka ẹgbẹ̀rún méjìlá sí Ọlọ́runlékè lọ́wọ́, ọkùnrin náà sì kó o sápò àyà, ó tún fi bọ́tìnnì dè é.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Dáírẹ́tọ̀ ránṣẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà Ernest ni Bàbá Dáírẹ́tọ̀. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba dé òkè téńté kó tó fẹ̀yìn tì, orúkọ ipò rẹ̀ náà ló sì kù tí wọ́n fi ń pè é. Nígbà tí Ernest wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, bàbá yìí ló san owó ìdánwò ìwé mẹ́wàá fún un. Láti ìgbà náà, igi méje ni Ernest ti gé ní ọgbà rẹ̀ àti ní oko rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lórí ọ̀kan.

"Okun o, Bàbá," ni Ernest wí, bí a ṣe ń kíra lọ́dọ̀ wa, ó dọ̀bálẹ̀.

"Okun, Ernest. Dìde, dìde. O ti sanra. Wọ́n ní owó ti ń wọlé." Bàbá na ọ̀pá sí igi ọ̀gánwó tó wà níwájú ilé. Igi ńlá tí bàbá tó bí i gbìn nígbà òyìnbó ni, ọkùnrin mẹ́ta ò lè fọwọ́ yí i ká. "Mo fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà síbẹ̀ yẹn. Àwọn tó máa gbà wọ́n ti san owó ọdún méjì méjì. Igi yìí ló dí mi lọ́nà."

Ernest wo ilé. Ó wo wáyà. Ó gbá ìdí igi, ó dún kó.

"Bàbá, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Ní báyìí, ojúmọ́ kan—"

"Ta ló sọ̀rọ̀ ojúmọ́?" Ohùn Bàbá ò le rárá, ẹ̀rín ló wà níbẹ̀. "Ọ̀wẹ̀ ni mo bẹ̀ ọ́."

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sílé bí tiwa, ẹ mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ń ṣe. Bí àgbà ilé bá bẹ ọ̀wẹ̀, ebè ni o, bíbo ilé ni o, ọmọ ilé á gbé ọkọ́ léjìká, á lọ. Ẹni tó bẹ̀ ọ́ á gúnyán, á se ẹran. Kò sí ẹni tó ń béèrè iye, nítorí pé ẹni tó bẹ̀ ọ́ lónìí, tìrẹ ló ń bọ̀ wá ṣe lọ́la. Bí ó ti yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló rí Bàbá Dáírẹ́tọ̀ pẹ̀lú ọkọ́ rí?

"Bàbá, ṣé ẹ rí i, ẹni tó ń bá mi di okùn…"

"Ìwé mẹ́wàá rẹ yẹn," ni Bàbá wí, ó ń wo òkè igi, "ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà, Bàbá."

"O kú ìtọ́jú ẹ̀. Ìwé ò ṣe é sọnù."

Ernest gbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́ta mì bí ẹni gbé egungun mì. Ó wá rántí pé bí agégi ò bá gbowó, ìtì igi ni wọ́n máa ń fún un dípò owó, bẹ́ẹ̀ ìtì ọ̀gánwó yìí nìkan á san owó Ọlọ́runlékè, á sì tún kù.

"Ìtì ńkọ́, Bàbá? Ṣé ká máa kó o?"

"Ẹni tó rà á ti sanwó ẹ̀ láti àná. Ẹ̀ka, ẹ máa kó gbogbo ẹ̀. Mi ò ní mú ọ̀kan níbẹ̀." Ó fọwọ́ kan Ernest léjìká. "Ọmọ gidi ni ọ́."

Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n gúnyán fún wọn, ẹran ìgbẹ́ wà nínú ọbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀bà ni. Ọjọ́ kejì náà ni ẹ̀ka kan tó tóbi tó igi fúnra rẹ̀ rọ̀ sórí okùn lójijì, tó wọ́ Ọlọ́runlékè lórí ilẹ̀ títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Kò tú okùn náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, bisikíìtì àti omi inú ọ̀rá ni wọ́n gbé jáde, ọmọ ọ̀dọ̀ sì ní Bàbá ti lọ Lọ́kọ́já.

Ọlọ́runlékè fi eyín ya ọ̀rá omi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Wọn ò bẹ̀ mí. Ìyàrá ni wọ́n bí mi sí."

"Mo mọ̀. Màá san tìẹ."

Ọjọ́ mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì. Ìdajì ló rí san, tòun ti owó tí Títílọpẹ́ fi pamọ́ fún gáàsì. Ó ní ìdajì yòókù á jáde nínú iṣẹ́ tó bá kàn. Ọlọ́runlékè gbà á, ó fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kàn ni ti Naomi.

Ará ìlú Ponyan ni Naomi. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀, ló mú un wá sí Kàbà kó tó kú, àkàrà àti kókó ló sì ń tà lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ kan. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn yàrá tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn sí. Ó ti tẹ̀ sórí páànù bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé. Òjò àkọ́rọ̀ ti súnmọ́, ìjì sì ni ó máa ń ṣíwájú rẹ̀ níhìn-ín. Ernest gbá ìdí igi náà. Àpótí òfìfo.

"Ìyá, igi yìí ò ní rí oṣù karùn-ún kó tó wó."

"Ohun tí mo rò náà nìyẹn." Naomi mú ọ̀rá kan jáde lábẹ́ ìró, ó sì nà án sí i. "Ogún ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀. Òun nìkan ló wà. Igi náà, ẹ máa kó gbogbo ẹ̀ lọ, mi ò ní fi dá iná pàápàá."

Ernest wo ọ̀rá náà. Bó bá ra epo tán, tó ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kí ni yóò kù nínú ogún? Ó wo Ọlọ́runlékè, ó rí aṣọ tó fi di ọwọ́, ó sì rí gbèsè tí òun jẹ ẹ́. Ohùn Títílọpẹ́ wá sí i létí. Ó na ọrùn.

"Ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́ta ni, Ìyá. Iye kan náà ni fún gbogbo ayé."

Naomi ò bẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n ní bí èèyàn bá mọ bàbá yín, ẹ máa ń dín in," ló wí. "Èmi ò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá dárúkọ rẹ̀." Ó dá ọ̀rá náà padà sábẹ́ ìró.

Wọ́n gun ọ̀kadà Ernest padà. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì ńlá kí Ọlọ́runlékè tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ dúró kí n sọ̀."

"Kí ló dé? Ìwọ gan-an lo ń fẹ́ kí iye má yẹ̀. Nítorí tìẹ ni mo ṣe dúró lé e!"

"Ẹ má fi mí ṣe àwáwí o, Ẹ̀gbọ́n." Ọlọ́runlékè ti sọ̀ kalẹ̀. "Lójú Bàbá Dáírẹ́tọ̀, owó yín dọ̀bálẹ̀. Lójú opó, ó nàró. Ẹni tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà gé igi lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó ń ta àkàrà ni kó wá san ìyókù ẹ̀. Èmi ni mo rán yín níṣẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ó rọrùn fún ọ láti sọ. Wọn ò san owó ìdánwò fún ọ. O ò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ jẹ mí."

Ó fẹsẹ̀ rìn lọ. Ernest jókòó sórí ọ̀kadà títí ọlọ́kọ̀ kan fi fọn fèrè mọ́ ọn pé kó kúrò lójú ọ̀nà.

Ọlọ́runlékè ò wá lọ́jọ́ kejì, kò sì wá lọ́jọ́ kẹta. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Ernest ń fi fáìlì pọ́n ṣéènì lójúlé rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ẹ́ńjìnnì ìgégi kan lókèèrè. Kò sí ẹ́ńjìnnì kan ní Kàbà tí kò mọ ohùn rẹ̀. Èyí tó ń ké yìí, ti Inúmidùn onípákó ni, tó máa ń fi háyà. Ṣéènì rẹ̀ kú. Ọ̀nà ilé Naomi sì ni ohùn náà ti ń wá.

Ó bá Ọlọ́runlékè lórí igi máńgòrò, ó fi igbà gbára mọ́ ọn. Ẹni tó wà nílẹ̀ tó di okùn mú ni Philip, tísà tó gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Naomi, tó wọ bàtà funfun. Philip ti lọ́ okùn náà mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Yéè! Tísà, ẹ tú u! Ẹ tú u kúrò lọ́wọ́! Ṣé ẹ fẹ́ kí igi gba ọwọ́ lọ ni?"

Ernest ò dúró gbọ́ èsì. Ó já okùn gbà, ó sáré lọ́ ọ mọ́ ìdí igi dógóyárò tó wà nítòsí lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lókè. Ọlọ́runlékè wolẹ̀, ó rí ẹni tó ń di okùn mú. Ojú rẹ̀ ò yí padà.

"Ṣé ẹ ti dì í mú?"

"Mo ti dì í mú."

Láti ìgbà tí Ernest ti ń gégi, kò dúró sí ìsàlẹ̀ rí. Ìdọ̀tí igi ń já sí i lójú, ọrùn ń ro ó, bí ẹ̀ka bá sì já, okùn á fà á bí akọ màlúù. Lókè, ẹ̀mí ara ẹni lèèyàn ń ṣọ́. Nísàlẹ̀, ẹ̀mí ẹlòmíràn ni, ọ̀nà tó gbà ń ṣọ́ ọ kò sì ju kó jẹ́ kí ọwọ́ máa jóná. Nígbà tí oòrùn fi máa kanrí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti yọ omi. Ní ẹ̀ka tó kẹ́yìn, omi ọ̀hún bẹ́, ìrora náà já wọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tú okùn sílẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ẹ̀ka já wálẹ̀, ó fi ìdí lu orí ilé kí Ernest tó tún dì í mú. Páànù kan tẹ̀, ó sì ya létí.

Ọlọ́runlékè sọ̀ kalẹ̀. Ó gba ọ̀rá lọ́wọ́ Naomi, ó ka owó ẹ́ńjìnnì Inúmidùn sọ́tọ̀, ó ka owó epo sọ́tọ̀, ó fún tísà ní ẹgbẹ̀rún kan. Ó wá ka ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ó rìn lọ bá Ernest níbi tó ti ń ká okùn, ó sì nà án sí i.

"Kí lèyí?"

"Owó ojúmọ́ ẹni tó di okùn mú."

"Lékè, fi í sílẹ̀ jọ̀ọ́. Jẹ́ ká ṣe bí ọ̀wẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni ò bẹ ọ̀wẹ̀ níbí. Ẹ kà á."

Ernest kà á, nítorí pé ọkùnrin náà dúró títí tó fi kà á. Ó pé.

"Padà wá," ló wí. "Ẹgbẹ̀rún méjìlá, bí mo ṣe sọ ọ́. Títílọpẹ́ lè jẹ́rìí sí i."

"Ó máa jẹ́ méjìlá lọ́jọ́ tí Bàbá ò bá pè yín." Ọlọ́runlékè ń fi aṣọ nu ẹ́ńjìnnì ẹni ẹlẹ́ni. "Mo ti bá àwọn ará Ẹ̀gbẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti rí èèyàn sí ti ẹlẹ́gbẹ̀rún mẹ́wàá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni wọ́n fi lọ̀ mí báyìí. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ."

"Mẹ́jọ? Lékè, mẹ́jọ!"

"Mẹ́jọ tí kò mọ bàbá ẹnikẹ́ni."

Ó gbé ẹ́ńjìnnì léjìká, ó kí Naomi pé ó dìgbà kan ná, ó kí tísà, ó sì jáde. Kò dárúkọ gbèsè tí Ernest jẹ ẹ́, ìyẹn ló sì dun Ernest jù, nítorí pé gbèsè tí èèyàn bá ṣì ń retí ló máa ń béèrè.

Ernest dúró ní àgbàlá náà láàárín ewé máńgòrò. Ó gbójú sókè wo páànù tó ya. Ní ìsọ̀ àwọn onípáànù lẹ́bàá ọjà, ẹyọ kan ti di ẹgbẹ̀rún méje ààbọ̀. Ó lọ bá Naomi níbi tó ti ń gbálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náà sí i, ó ní òun á mú ìyókù wá.

Naomi fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Kò ní kó má ṣèyọnu. Ó ka owó náà, ó tún un kà.

"Ó ku ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀," ló wí. "Ọjọ́ wo ni kí n máa retí yín?"